ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE: Ìdíje Abẹ́lé àti Yíyan Eléré Kíríkẹ́ẹ̀tì ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ìtàn eré ìdárayá ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, tí ó sì tún jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ìtàn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìbéèrè kan ni: bí ènìyàn púpọ̀ bá ń wá ipò díẹ̀, òṣùwọ̀n wo ni a ó fi mọ ẹni tí ipò náà tọ́ sí? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Íńdíà ti ń dáhùn ìbéèrè yìí lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn wọn kò sì dúró sójú kan.

Àwọn tí ó bá lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ bíi King's College ní Èkó tàbí Government College ní Ìbàdàn mọ eré yìí dáadáa, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé e dé Íńdíà náà ni ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ajubọ́ọ̀lù yóò ju bọ́ọ̀lù, alubọ́ọ̀lù yóò fi igi pẹlẹbẹ gbá a, yóò sì sáré lọ sí òdì kejì. Sísáré bẹ́ẹ̀ ni a ń kà sí ayò. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù ni láti lé alubọ́ọ̀lù kúrò lórí pápá. Ìdíje tí ó ga jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Test, tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣe lóde òní. Ìdíje abẹ́lé ni èyí tí àwọn ẹgbẹ́ inú orílẹ̀-èdè kan ń bá ara wọn ṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ń pinnu ẹni tí yóò ti ìdíje abẹ́lé bọ́ sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni n ó máa pè ní ayaneléré.

Èrò tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò kò ju ọ̀kan lọ. Ohun tí ó ń mú kí yíyàn dára ní Íńdíà kì í ṣe pípààrọ̀ àwọn ayaneléré, bí kò ṣe títún ìdíje abẹ́lé ṣe, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Àwọn baba wa sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, tàbí bí àwọn tí ó wà lóde bá kọ̀ láti wo ẹ̀ṣọ́ tí a kó ti ilé wá, ẹ̀tọ́ ẹnì kan ti sọnù nìyẹn.

Ẹ̀sìn, Ìran àti Adé

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú Bombay, tí a ń pè ní Mumbai láti ọdún 1995, ni ojúkò kíríkẹ́ẹ̀tì ní Íńdíà. Láti 1892 ni àwọn Parsi, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Páṣíà wá, ti ń bá àwọn òyìnbó figagbága níbẹ̀ nínú ìdíje tí a ń retí lọ́dọọdún. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù wọlé ní 1907, àwọn Mùsùlùmí ní 1912. Ní 1937 ni a wá kó àwọn Kristẹni àti àwọn yòókù jọ sínú ẹgbẹ́ karùn-ún. Ìdíje náà gbayì púpọ̀, èrò a sì máa wọ́ tìtì lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí òṣùwọ̀n tí ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí a tó béèrè bí ènìyàn ti mọ bọ́ọ̀lù jù tó, a ó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn tí a bí i sí.

Wíwà nínú ẹ̀sìn kan pàápàá kò tó. Inú ìdílé tí àwọn Híńdù kà sí aláìmọ́, tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ni a bí Palwankar Baloo sí. Òṣìṣẹ́ orí pápá ni ní ìlú Poona: ó ń tẹ́ ilẹ̀ pápá, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn òyìnbó tí ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ́ bí a ti í lù. Nígbà tí àwọn Híńdù ìlú náà rí i pé àwọn kò lè borí láìsí i, wọ́n gbà á mọ́ra. Lórí pápá, wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù kan náà láti ọwọ́ rẹ̀; ní àkókò ìsinmi, ìta ni wọ́n ń gbé tíì tirẹ̀ fún un sí, nínú ife ọ̀tọ̀. Ní 1911 ó bá ẹgbẹ́ tí a ṣà jọ láti gbogbo Íńdíà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lé alubọ́ọ̀lù tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ kúrò lórí pápá ní ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, àwọn Híńdù kò fi í ṣe balógun ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1923 ni oyè náà tó kan ìdílé rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi àbúrò rẹ̀, Palwankar Vithal, jẹ ẹ́. Yorùbá ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọwọ́ Baloo mọ́; àwọn àgbà ni kò jẹ́ kí ó sún mọ́ àwo.

Òṣùwọ̀n kejì ní ìgbà náà ni adé. Ní 1928 ni a dá àjọ tí ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì ní Íńdíà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí BCCI. Owó àwọn ọba aládé ni ó ń gbé eré náà ró, nítorí náà wọ́n gbà pé ọmọ aládé ni ó yẹ kí ó ṣe olórí. Nígbà tí ẹgbẹ́ Íńdíà ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1932, ọba Porbandar ni balógun. Ọba náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí Íńdíà fẹ́ ṣe ìdíje Test àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀ ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ̀ sẹ́yìn. Igbákejì rẹ̀ fara pa, C. K. Nayudu, ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé ó mọ eré jù, ni ó sì ṣáájú wọn wọ pápá.

Ní 1936, ọmọ aládé tí ó tún ṣe balógun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Vizzy, kò yẹ̀ sẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti dá Lala Amarnath padà sílé kí ìdíje Test kankan tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Amarnath yìí ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó gba ọgọ́rùn-ún ayò nínú ìdíje Test, ní 1933. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir John Beaumont, adájọ́ àgbà Bombay, jẹ́ alága fún dá Amarnath láre lẹ́yìn náà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìdarí balógun. Ìyàtọ̀ 1932 sí 1936 kò ju ẹ̀rí ọkàn ènìyàn méjì lọ. Ohun tí a bá sì fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn nìkan kò tíì di òṣùwọ̀n.

Ife Ẹ̀yẹ Ranji

Láàrin ìrìn-àjò méjèèjì yìí ni àtúnṣe tí ó tóbi jù nínú ìtàn wa ṣẹlẹ̀. Ranjitsinhji, ọba Nawanagar, kú ní 1933. Alubọ́ọ̀lù ńlá ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe eré fún, nítorí Íńdíà kò ní ẹgbẹ́ Test ní ìgbà tirẹ̀. Ní 1934 a dá ìdíje kan sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, ọba Patiala sì fi ife ẹ̀yẹ ta á lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún náà ni Madras àti Mysore kọ́kọ́ pàdé.

Àwọn aládé ni ó pèsè ife náà, ṣùgbọ́n òfin tí ó wà nídìí rẹ̀ ni yóò gba eré lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti ibì kan: ìlú, ìpínlẹ̀, tàbí ilẹ̀ ọba kan. Híńdù, Mùsùlùmí àti Parsi lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n sì jọ kọjú ìjà sí àwọn ará ibòmíràn. Iye ayò tí o gbà àti iye ènìyàn tí o lé kúrò yóò wà ní àkọsílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ yàn ọ́ tàbí kọ̀ ọ́ yóò sì ní láti kọ́kọ́ wo ìwé.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan ni èyí borí. Fún ọdún méjìlá ni ìdíje ẹlẹ́sìn ní Bombay àti ti Ranji ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ẹlẹ́sìn ni èrò sì fẹ́ràn jù. Ní ìparí 1940, Gandhi sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ pípín eré ìdárayá sí ti ẹ̀sìn. Ọdún 1946 ni ìdíje náà parí, nígbà tí ó ku ọdún kan kí ẹ̀sìn tó pín orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ sí méjì. Ti Ranji ni ó kù. Kò sí ọdún tí a fo ó dá títí di 2020-21, nígbà tí àrùn kòrónà dá a dúró.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tuntun mú ìṣòro tuntun wá. Láti 1958-59 títí di 1972-73, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀lé ara wọn ni Bombay gba ife náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ ní ìlú náà lọ jàra. Àní láti 1948 ni wọ́n ti ní ìdíje Kanga tí wọ́n ń ṣe láàrin òjò, lórí ilẹ̀ tí ó tutù rinrin, kí ọmọ lè kọ́ sùúrù. Ẹni tí ó bá la gbogbo ìyẹn já ti di akọni. Ṣùgbọ́n ojú tí ó bá ń wo Bombay nìkan kò ní rí ọmọ akọni tí ó wà ní ìlú tí kò ní pápá.

Ẹkùn Márùn-ún àti Àwọn Tí A Kò Pè

Láti pín ojú náà káàkiri, wọ́n sọ àwọn ayaneléré di márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹkùn kan: Àríwá, Gúúsù, Ìlà-oòrùn, Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín. Ní 1961 ni a tún dá ife Duleep sílẹ̀, kí àṣàyàn ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè máa kojú ara wọn. Ìlànà yìí ní èso rere. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, alága àwọn ayaneléré, Vijay Merchant, fi ìbò tirẹ̀ pinnu pé Ajit Wadekar ni yóò gba ipò balógun lọ́wọ́ Mansoor Ali Khan, ẹni tí í ṣe ọba Pataudi. Lọ́dún yẹn kan náà Íńdíà borí ní West Indies, ó sì borí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bombay, Sunil Gavaskar, gba ayò 774 nínú ìdíje Test mẹ́rin péré ní West Indies.

Ṣùgbọ́n ìlànà ẹkùn ní àléébù tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìpín ipò ní ibi gbogbo. Ayaneléré lè gbàgbé pé orílẹ̀-èdè ni ó rán òun, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí aṣojú ẹkùn rẹ̀. Ní àfikún, kò sí ìlànà tí ó lè sọ ìjókòó kan di mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọkùnrin méjì kan. Rajinder Goel ti Haryana àti Padmakar Shivalkar ti Bombay jẹ́ ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tí ń yí bọ́ọ̀lù. Goel lé ènìyàn 637 kúrò lórí pápá nínú ìdíje Ranji, kò sì tíì sí ẹni tí ó kọjá rẹ̀. Shivalkar lé ènìyàn 589 nínú gbogbo ìdíje ńlá tí ó ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ ìdíje Test rí, nítorí Bishan Bedi, tí òun náà ń fi ọwọ́ òsì yí bọ́ọ̀lù, ni ó jókòó sórí ìjókòó náà fún ìdíje 67. Ní 1974, nígbà tí a fi Bedi jìyà nítorí ọ̀ràn ìwà, tí kò sì lè kojú West Indies ní Bangalore, a pe Goel. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a ka orúkọ mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

N kò sọ pé wọ́n rẹ́ Goel jẹ. Bedi kì í ṣe ẹni tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nítorí ìdíje Ranji wà, a lè mọ ohun tí Goel ṣe lónìí. Ní 2017, àjọ náà fún òun àti Shivalkar ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi sọ orí C. K. Nayudu, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tí ó fi gbogbo ayé wọn sin eré náà sí. Amol Muzumdar náà wà lára irú wọn. Ó gba ayò 260 ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wọ pápá fún Bombay ní 1994, àpapọ̀ ayò rẹ̀ sì ju 11,000 lọ kí ó tó fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ìgbà Tendulkar, Dravid, Ganguly àti Laxman ni ó bá wáyé. Òun ni olùkọ́ àwọn obìnrin Íńdíà tí ó gba Ife Àgbáyé ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, 2025. Ẹni tí a kò pè ni ó mú àwọn ẹlòmíràn dé òkè.

Àwọn Tí Kò Ní Ilé

Ọ̀ràn àwọn wọ̀nyí sàn. Ó sàn nítorí wọ́n ní ilé tí wọ́n ti fi iṣẹ́ wọn hàn. Ta ni yóò sọ ìtàn ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ rárá?

Haryana, ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1966, ni ó tọ́ Kapil Dev, balógun tí ó gba Ife Àgbáyé ní 1983. Mahendra Singh Dhoni, tí ó gbà á ní 2011, ti Ranchi wá. Bihar ni ó kọ́kọ́ ṣe eré fún. Nígbà tí a ya Jharkhand, níbi tí Ranchi wà, kúrò lára Bihar ní ọdún 2000, Jharkhand ni ó jogún àyè nínú ìdíje Ranji. Láti 2004-05, Bihar, tí èrò rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ, kò ní ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ní àkókò kan náà, ìpínlẹ̀ Maharashtra ní ẹgbẹ́ mẹ́ta, Gujarat náà sì ní mẹ́ta.

Kì í ṣe àwọn ayaneléré ni ó tún èyí ṣe, ilé-ẹjọ́ ni. Lẹ́yìn ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ nínú ìdíje IPL, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ yan ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí, R. M. Lodha, ní 2015, ó sì gba ọ̀pọ̀ nínú àbá wọn ní oṣù keje 2016. Wọ́n fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, kí ayaneléré sì jẹ́ mẹ́ta. Ní 2018 ilé-ẹjọ́ rọ òfin náà lójú: àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ gba ìbò wọn padà, ayaneléré sì padà di márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan kò yí padà. Ní 2018-19, ẹgbẹ́ tuntun mẹ́sàn-án wọ ìdíje Ranji lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bihar wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ òkè ìlà-oòrùn bíi Nagaland, Mizoram àti Sikkim.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé èyí yóò sọ ìdíje di yẹpẹrẹ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ tuntun jìyà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ìdí nìyí tí a fi pín wọn sí ìpele ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022, Sakibul Gani ti Bihar gba ayò 341 ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wọ pápá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí níbikíbi lágbàáyé. Ní 2024, ọmọ ọdún méjìlá kan, Vaibhav Suryavanshi, wọ pápá fún Bihar. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó gba ọgọ́rùn-ún ayò nínú ìdíje IPL. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ wọn?

Okun Ara

Mo dé orí òṣùwọ̀n tí ó jẹ́ tuntun jù, èyí tí í ṣe ti okun ara. Kapil Dev fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́, òun ráhùn ní ibùdó ìgbaradì pé oúnjẹ kò tó ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú eré sísá, òṣìṣẹ́ kan sì fi òun rẹ́rìn-ín pé Íńdíà kò ní irú ajubọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Ìran tí ó bá ń fi oúnjẹ du ajubọ́ọ̀lù kò lè bi í léèrè okun. Ìyípadà dé díẹ̀díẹ̀: ní 1987 a dá ilé ìkọ́ni àwọn ajubọ́ọ̀lù eléré sísá sílẹ̀ ní Madras, ní ọdún 2000 a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Bangalore.

Láti 2017 ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Yo-Yo ti di gbajúmọ̀. Jens Bangsbo, onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì, ni ó ṣe é. Ènìyàn yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ láàrin àmì méjì tí ó fi ogún mítà jìn sí ara wọn. Ohùn ẹ̀rọ ni yóò máa pè é, yóò sì máa yára sí i. Ní 2018, ẹni tí kò bá gba 16.1 ni a kà sí ẹni tí ó kùnà. Ní oṣù kẹfà 2018, a ti yan Ambati Rayudu fún ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ó gba ayò 602 nínú IPL ọdún náà. Lẹ́yìn yíyàn ni wọ́n tó dán an wò. Ó kùnà, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ó ti padà sínú ẹgbẹ́.

N kò lòdì sí ìdánwò náà. Ẹni tí yóò wà lórí pápá fún ọjọ́ márùn-ún nínú oòrùn nílò okun. Àríwísí mi ni pé òṣùwọ̀n tí a gbé jáde lẹ́yìn tí a ti wọn ọjà tán kì í ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Ó ti di àrà. Àríwísí kejì ni pé a kò gbọdọ̀ fi ojú wíwò pe ara ní aláìlókun. Sarfaraz Khan ti Mumbai gba ayò 928 nínú ìdíje Ranji 2019-20, ó sì gba 982 ní 2021-22. Síbẹ̀ a kò pè é, ẹnu sì ń kùn pé ó sanra. Gavaskar bínú sí i ní gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023: ó ní ẹni tí ó ń gba ayò rẹpẹtẹ tí ó sì ń dúró pẹ́ lórí pápá ti fi hàn pé òun ní okun. Oṣù kejì 2024 ni Sarfaraz tó wọ ìdíje Test ní Rajkot. Ó gba 62, ó sì tún gba 68 láìsí ẹni tí ó lé e kúrò.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2023, àjọ náà fi ìdánwò Yo-Yo àti yíyẹ ara wò pẹ̀lú ẹ̀rọ sínú ìlànà yíyàn, ó sì pa á láṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà pé kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ṣe ìdíje abẹ́lé tí ó pọ̀ tó kí a tó yàn wọ́n. Ìpàdé méjèèjì yìí ni ó dára: okun ara kò gbọdọ̀ rìn láìsí iṣẹ́ ọwọ́. Láti 2024-25 ni wọ́n tún pín ìdíje Ranji sí apá méjì, tí wọ́n sì fi àwọn ìdíje kúkúrú sí àárín.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kejì 2024, àjọ náà yọ orúkọ Ishan Kishan àti Shreyas Iyer kúrò lára àwọn tí ó ń san owó ọdọọdún fún, ó sì gba gbogbo eléré níyànjú láti fi ìdíje abẹ́lé ṣáájú. Àwọn méjèèjì padà ní 2025. Lẹ́yìn tí New Zealand nà Íńdíà ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ilé rẹ̀ ní 2024, tí Ọsirélíà sì tún borí rẹ̀, a pa á láṣẹ pé kí àwọn àgbà eléré pàápàá padà sílé.

Báyìí ni Virat Kohli ṣe wọ pápá fún Delhi ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 2025, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọdún méjìlá tí ó ti ṣe ìdíje Ranji kẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya wá sí ibi tí ó sábà máa ń ṣófo. Ní ọjọ́ kejì, ó gba ayò mẹ́fà péré. Himanshu Sangwan, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ojú Irin, wó igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà dìde, wọ́n sì lọ sílé.

Sangwan kò lọ sílé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí èrò tó dé ni ó ń bá lọ nígbà tí wọ́n lọ tán. Irú rẹ̀ ni Baloo, irú rẹ̀ ni Goel. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí a ti í mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ń yan ènìyàn pẹ̀lú òdodo, n kò ní ní kí ó lọ wo ẹni tí a yàn. N ó ní kí ó lọ sí pápá tí èrò ti kúrò, kí ó wò ó bóyá ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń kọ iye ayò sílẹ̀ pẹ̀lú òótọ́, àti bóyá àwọn tí ó ń yàn yóò ka ìwé náà.